Bí Bàbá Mi Ṣe Sin Àlejò Rẹ̀ Délé

Bàbá mi kì í jẹ́ kí àlejò dá lọ. Bí o bá wá kí i ní abúlé wa, tí o dìde pé o fẹ́ máa lọ, yóò wá bàtà rẹ̀ lábẹ́ àga, yóò mú ọ̀pá, yóò sì tẹ̀ lé ọ. Àwọn ẹlòmíràn a máa sin àlejò dé ẹnu ọ̀nà, àwọn mìíràn dé ìdí igi máńgòrò. Bàbá mi á sìn ọ́ débi tí ọ̀nà oko wa ti bọ́ sí títì Lalupon, á dúró tì ọ́ títí ọ̀kadà yóò fi dé, á wá sọ pé, "Ó dáa, ibí ni n ó ti padà o." Ìwọ náà á dáhùn pé, "Ẹ padà, Bàbá, ẹ ṣeun." Bí o kò bá tíì dáhùn bẹ́ẹ̀, kò ní kúrò lójú kan. Ìyá mi a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé lọ́jọ́ kan, àlejò ni yóò máa sin bàálé ilé padà wálé.

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, bí mo bá rántí rẹ̀, inú ooru gàrí àti kùrukùru ọyẹ́ ló ti ń jáde wá bá mi. Gbogbo nǹkan funfun, ohùn àwọn èèyàn ń wá láti òkèèrè, bí ìgbà téèyàn ń sùn tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ nínú yàrá kejì. Nígbà mìíràn mo máa ń rò pé mo lá a ni. Ṣùgbọ́n pákó pẹlẹbẹ tí ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí gbẹ́ fún mi, òun ni mo ṣì fi ń yí gàrí nínú agbada títí di òní, ẹjọ́ rẹ̀ sì ń lọ lọ́wọ́ ní kóòtù ìpínlẹ̀ Kwara. Àlá kì í fi pákó sílẹ̀ fún èèyàn.

Àkókò ọyẹ́ ló dé ọ̀dọ̀ wa. Àgbẹ̀ kan ní Ìrókò, ọ̀rẹ́ bàbá mi láti ìgbà èwe wọn, ló mú un wá. Ó ní ọkùnrin náà ń wá iṣẹ́, pé apá Ìlọrin ló ti wá, pé ó mọ ẹ́ńjìnnì tún ṣe dáadáa. Bàbá mi ní kí n bu omi wá. Ọkùnrin náà mu ún, bàbá mi sì bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo tí wọ́n máa ń bi àlejò.

"Ṣé àlàáfíà lo fi ilé sílẹ̀?"

"Àlàáfíà ni, Bàbá."

Kò sí ìbéèrè mìíràn. Nígbà tó lọ gbé ẹrù rẹ̀ sínú yàrá, ìyá mi ní, "Kò wo ojú yín nígbà tó ń dáhùn."

"Oòrùn ló ń yẹra fún," bàbá mi wí.

"Oòrùn wo, nínú ọyẹ́?"

Bàbá mi na ọwọ́ mú tẹ̀sùbáà rẹ̀. Tí òótọ́ bá ti fẹ́ dà á láàmú, ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà ni ó máa ń fà.

Bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin náà ṣe di ti wa. Àlejò la pè é lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Àlejò náà la ń pè é títí ọdún fi ń gorí ọdún. Òun ló ń bójú tó ẹ̀rọ tí a fi ń rin ẹ̀gẹ́, òun ló ń ti jáàkì mọ́ àpò ẹ̀gẹ́ kí omi rẹ̀ lè ro dànù. Iṣẹ́ tèmi ni kí n jókòó ti ààrò kí n máa yan gàrí, kí èéfín máa jẹ mí lójú. Ọkọ mi ti kú, mo ti padà sílé bàbá mi, gbogbo ayé ló sì ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni pé mo ń ṣàìsàn. Àlejò nìkan ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Tí gàrí mi bá jóná, á ní, "Àbúrò, ta lo fẹ́ fi èyí fọ́ ní eyín?" Lọ́jọ́ kan ó kíyè sí i pé igbá tí mò ń lò ti ń ṣá mi lọ́wọ́, ló bá jókòó sábẹ́ máńgòrò, ó gbẹ́ pákó yẹn, ó fi ìgò fá a títí tó fi dán. N kò ní purọ́, mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ bí ẹ̀gbọ́n tí ìyá mi kò bí fún mi.

Nǹkan kan ṣoṣo ni kò yé mi nípa rẹ̀. Kì í wa ọkọ̀. Nígbà tí awakọ̀ tó ń bá wa kó ẹ̀gẹ́ láti oko ń ṣàìsàn, tí ẹ̀gẹ́ fẹ́ bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́, bàbá mi ní kó jọ̀wọ́ bá wa wa ọkọ̀ náà. Ó ní òun kò mọ̀ ọ́n wà. Ẹni tó lè tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ kó sì tò ó padà! Ṣùgbọ́n mo bá a wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ìbàdàn nígbà kan tí a fẹ́ ra bẹ́líìtì ẹ̀rọ, mo sì rí ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún. Ní gbogbo ìgbà tí èèyàn bá fẹ́ gba iwájú bọ́ọ̀sì kọjá, ẹsẹ̀ yẹn a tẹ ilẹ̀ ọkọ̀ mọ́lẹ̀ gan-an, bí ẹni pé bíréèkì wà níbẹ̀. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Mo bi í bóyá ara rẹ̀ kò yá. Ó ní ebi ni.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Lọ́jọ́ tó bá tirẹ̀, ìrísí obìnrin kan tó wá ra gàrí láti apá Ìlọrin ló gbé wọ̀. Obìnrin náà ti ki ọwọ́ bọ inú gàrí, ó ń fọwọ́ wò ó bóyá ó gbẹ. Ó gbójú sókè, ó rí Àlejò nídìí ẹ̀rọ, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró sínú gàrí.

"Níbo lẹ ti rí ọkùnrin yẹn?" ló bi ìyá mi.

"Àlejò wa ni. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n ni?"

Ó ní rárá. Kò ná ọjà, kò bèèrè èènì. Ìyá mi ní láti ìgbà tí òun ti ń ta gàrí, òun kò rí oníbàárà tí kò bèèrè èènì rí, pé nǹkan kan ń ṣe obìnrin náà. Òótọ́ ni, nǹkan ń ṣe é.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn ọlọ́pàá dé. Ọlọ́pàá Lalupon tí a mọ̀ ló ṣíwájú, àwọn tí a kò mọ̀ sì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ nínú kùrukùru. Ọ̀gá wọn, ọkùnrin kúkúrú kan tí ohùn rẹ̀ tutù, ṣí fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ kí bàbá mi. Ó ní láti Kwara ni àwọn ti wá. Ó ní ọkùnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ yẹn, awakọ̀ ni nígbà kan. Oorun gbé e lọ lórí ìjókòó, ó fi bọ́ọ̀sì gbá ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ, kò dúró, ó sá lọ, ọmọ náà sì kú.

Àlejò ti pa ẹ̀rọ. Mi ò mọ̀ pé ilé wa lè dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Bàbá mi wò ó.

"Òótọ́ ni, Bàbá," ó wí.

Inú bí mi débi pé mo dìde kúrò nídìí agbada, gàrí tó wà níbẹ̀ sì jóná kanlẹ̀. Mo ké mọ́ ọn. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ pa ọmọ ọlọ́mọ, ẹ wá jókòó síbí, ẹ ń gbẹ́ pákó fún mi!" Mo pinnu nígbà náà pé n kò ní bá a sọ̀rọ̀ mọ́ láéláé.

Bàbá mi wá kọjú sí ọ̀gá ọlọ́pàá. Ó bi í bóyá wọ́n ti kọ́kọ́ dé tẹ́ṣàn Lalupon kí wọ́n tó wọ abúlé. Ọ̀gá náà ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ìwé wà lọ́wọ́ àwọn láti kóòtù àwọn, ṣùgbọ́n adájọ́ kan ní Ìbàdàn níbí gbọ́dọ̀ buwọ́ lù ú kí àwọn tó lè mú un kọjá ààlà. Bàbá mi mi orí. Àgbẹ̀ ni, ó mọ̀ pé bí ewúrẹ́ rẹ bá tilẹ̀ wọ oko ẹlòmíràn, olóko lo máa kọ́kọ́ kí kí o tó wọlé lọ fà á. Ó ní, "Ẹ mọ ààlà. Ẹ ṣeun." Lẹ́yìn náà ló ní kí n gbé oúnjẹ fún Àlejò, nítorí kò tíì jẹun. Mo kọ̀. Ìyá mi ló gbé e.

Ìgbà tí wọ́n fẹ́ mú un lọ ni bàbá mi wá bàtà rẹ̀ lábẹ́ àga.

"Bàbá, níbo lẹ̀ ń lọ?" ọ̀gá ọlọ́pàá bi í.

"Èmi ni mo gbà á lálejò. Èmi ni n ó sìn ín."

"Ẹ ti sìn ín náà, Bàbá. Ẹ jẹ́ kó tó bẹ́ẹ̀."

"Níbo ni mo sìn ín dé? Ṣé ilé rẹ̀ nìyí ni?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó rò pé àgbà ń ṣeré. Kò mọ bàbá mi. Ìyá mi fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kí n tẹ̀ lé e, nítorí ojú bàbá ti ń ṣe bàìbàì, kò sì ní mọ ibi tí yóò gbẹ́sẹ̀ lé. Mo ní kí ló kàn mí nínú ọ̀rọ̀ apànìyàn. Bàbá mi gbọ́. Ó sún mọ́ mi, ó rọra sọ ọ́ kí àwọn ọlọ́pàá má baà gbọ́: "Ọ̀nà jìn. Èèyàn máa ń sọnù lọ́nà. Mo fẹ́ kó délé láàyè." Ìgbà yẹn ló yé mi pé ẹ̀rù ń ba bàbá mi, àti pé kì í ṣe àṣà nìkan ló gbé e wọ bàtà.

A lọ sí kóòtù ní Ìbàdàn, adájọ́ buwọ́ lu ìwé, wọ́n sì gbà ká wọ ọkọ̀ wọn. Mo rò pé ó sú wọn ni, nítorí bàbá mi ti wọlé jókòó kí wọ́n tó jiyàn tán.

Bí ọkọ̀ ṣe ń lọ, ọyẹ́ bo gbogbo ọ̀nà. A kọjá Ọ̀yọ́, n kò rí Ọ̀yọ́. Igi á yọ jáde nínú funfun, á tún padà sínú rẹ̀. Èèyàn tó ń rìn létí títì dà bí ẹni tí kò ní ẹsẹ̀. Àlejò wà níwájú mi, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún sì ń tẹ ilẹ̀ ọkọ̀, ó ń tẹ bíréèkì tí kò sí níbẹ̀. Mo wá mọ̀ nígbà yìí ẹni tó ń gbìyànjú láti má gbá. Mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ nítorí n kò fẹ́ sunkún tìtorí rẹ̀.

Nígbà tí a kọjá Ògbómọ̀ṣọ́, bàbá mi ní àsìkò ìrun ọ̀sán ti tó. Wọ́n dúró sí ibì kan tí wọ́n ti fi bíríkì ṣe ààyè ìkírun sétí títì. Oko ẹ̀gẹ́ ńlá kan wà lẹ́yìn rẹ̀, kùrukùru sì ti bo ìdajì oko náà. Àlejò fẹ́ ṣe àlùwàlá, ọwọ́ rẹ̀ sì wà nínú irin.

"Ta ni yóò dúró fún un tí mo bá tú u?" ọ̀gá ọlọ́pàá bèèrè.

"Èmi," bàbá mi wí.

Ọ̀gá náà wo àgbàlagbà yìí, ó wo ọ̀pá rẹ̀, ó tú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Àlejò mú búta, ó kọ́kọ́ bu omi sí bàbá mi lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀, kó tó ṣe tirẹ̀. Lẹ́yìn náà bàbá mi ṣíwájú wọn, wọ́n tò sẹ́yìn rẹ̀, ọ̀gá ọlọ́pàá àti ọlọ́pàá kan àti Àlejò. Awakọ̀ wọn ti sùn lọ. Èmi kò kírun lọ́sàn-án ọjọ́ náà, obìnrin bíi tèmi yóò mọ ìdí. Nítorí náà èmi nìkan ni ojú mi là.

Wọ́n forí kanlẹ̀. Mo rí i tí Àlejò gbé orí rẹ̀ sókè, òun nìkan láàárín wọn. Ó wo oko ẹ̀gẹ́. Ẹsẹ̀ mélòó kan ni, kùrukùru á sì gbé e mì, kò sẹ́ni tó máa rí i mọ́. Ó ti ṣe é rí. Kí n sọ òótọ́: mo fẹ́ kó sá. Èmi tí mo pè é ní apànìyàn, mò ń sọ nínú ọkàn mi pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa lọ, ẹ máa lọ." N kò ronú kan ìyá ọmọ tó kú rárá. N kò tilẹ̀ ronú kan bàbá mi tó ti fi ara rẹ̀ dúró.

Àtẹ́lẹsẹ̀ bàbá mi ló wà níwájú rẹ̀, méjèèjì, wọ́n là yánnayànna bí ti àgbẹ̀ gbogbo, omi tó fọwọ́ ara rẹ̀ bù sí wọn kò tíì gbẹ. Ó wò wọ́n pẹ́. Ó sì tún forí kanlẹ̀. Bàbá mi ni ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tí kò sẹ́ni tó ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, mo sì rò pé bàbá mi mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó wọ bàtà.

Nígbà tí a padà sínú ọkọ̀, Àlejò fúnra rẹ̀ ló na ọwọ́ jáde kí wọ́n tún dè é.

Bàbá mi ti ní kí wọ́n sọ fún òun bí a bá dé ààlà. Nígbà tí a dé ibẹ̀, ọ̀gá ọlọ́pàá ní, "Bàbá, òun nìyí o." Bàbá mi fi orí síta fèrèsé, ó ń fi ojú rẹ̀ tó ti ṣú wá nǹkan káàkiri.

"Pèrègún dà?"

"Kò sí pèrègún, Bàbá. Páálí tí wọ́n kọ nǹkan sí lẹ ń wò yẹn."

"Ààlà tí kò ní pèrègún," bàbá mi wí, ó sì jókòó padà. "Ilẹ̀ kan náà ni. Koríko kan náà ni." Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó tún ní, "Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ọmọ ọlọ́mọ sùn sí."

Ìlú Àlejò kò tóbi. Ó jọ Lalupon tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń wá ibi tí wọ́n ti ń rin ẹ̀gẹ́. Ní tẹ́ṣàn wọn, bàbá mi dúró níwájú káńtà, ó di Àlejò mú ní apá, ó sì fi í lé wọn lọ́wọ́ bí ẹni ń dá agbada tí ó yá padà fún olówó rẹ̀.

"Bí mo ṣe gbà á nìyí," ó wí. "Ẹ wò ó. Kò sí ọgbẹ́ lára rẹ̀, kò sí ibi tó wú. Bí ẹ ṣe rí i yìí ni kí ẹ mú un dé iwájú adájọ́." Ọlọ́pàá tó wà ní káńtà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ọ̀gá rẹ̀ wò ó, ó sì pa ẹnu dé.

Obìnrin kan wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó ti wà níbẹ̀ kí a tó dé. Kò sẹ́ni tó ní láti sọ ẹni tó jẹ́ fún wa. Àlejò rí i, ó dojú bolẹ̀ lórí símẹ́ńtì.

"Ṣé ìwọ nìyí?" obìnrin náà bi í.

"Èmi ni, Ìyá."

"O pẹ́ o."

Kò pariwo rárá, ó kàn sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ fún ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́. Ó wá ní, "Nígbà tó wà nílẹ̀ níbẹ̀, ṣé ó sọ nǹkan kan? Ṣé ó pè mí?"

Àlejò kò gbé ojú sókè. "N kò dúró, Ìyá. N kò dúró gbọ́."

Obìnrin náà mi orí lọ́pọ̀ ìgbà. Mo rò pé ohun tó fẹ́ gbọ́ láti gbogbo ọdún wọ̀nyí nìyẹn, kò sì sí ẹnì kan láyé tó lè sọ ọ́ fún un. Gbogbo ìbínú tí mo fi jóná mọ́ agbada ní ilé wa, mo wá rí i pé kò tó nǹkan níwájú ìbéèrè rẹ̀ yẹn. Ó kọjú sí bàbá mi, ó ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ mú un wá." Bàbá mi tẹríba fún un.

Ọkọ̀ tó ń padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ kò ní pẹ́ gbéra, a sì ní láti máa lọ. Mo di bàbá mi lọ́wọ́ mú. Bí a ṣe yí ẹ̀yìn padà, Àlejò dìde.

"Jókòó!" ọlọ́pàá káńtà pa á láṣẹ.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ó wí. "Àlejò mi ni wọ́n. Ìlú mi rèé. N kò lè jẹ́ kí wọ́n dá lọ."

Ọ̀gá kúkúrú yẹn wò ó, ó wo bàbá mi. Ọmọ Yorùbá ni, òun náà ní ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ. Ó ti ẹ̀yìn káńtà jáde, ó di aṣọ Àlejò mú lẹ́yìn, ó sì jẹ́ kó sìn wá. Àlejò rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá mi, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí bàbá mi ṣe ń rìn, a jọ dé ẹnu ọ̀nà. Ìta funfun. Ọlọ́pàá náà kò ní kó dúró. Àlejò fúnra rẹ̀ ló dúró sórí ìloro.

"Ó dáa, Bàbá," ó wí. "Ibí ni n ó ti padà o."

Bàbá mi tí ó ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún gbogbo ayé kò mọ bí wọ́n ṣe ń dá a lóhùn. Àlejò dúró, ó ń retí, nítorí ọ̀dọ̀ wa ló ti kọ́ ọ pé ẹni tó ń sinni kì í padà títí wọ́n á fi dá a lóhùn.

Èmi ni mo dá a lóhùn. Mo ní, "Ẹ padà, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣeun."

Ó sì padà.